Ta Ni Àjèjì ní Moabit?

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà òtútù tó kọjá, mo sì rò pé ó yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Ọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń yan dókítà sí iṣẹ́ ni. Nọ́ọ̀sì lèmi, mi ò kì ń ṣe dókítà, àmọ́ ojú nọ́ọ̀sì máa ń rí nǹkan.

Berlin ni mò ń gbé, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Moabit. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ U9 ní Turmstraße, tí ẹ sì fẹsẹ̀ rìn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ó dé ọgbà ńlá kan, nọ́ńbà 21, tó kún fún ilé oníbíríkì àtijọ́. Ilé ìwòsàn ni gbogbo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 2001 ni wọ́n tì í pa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé láti Nàìjíríà, tí mo kó ìwé ẹ̀rí yunifásítì mi dání pé kí wọ́n bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n lè ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbí, inú ọgbà yẹn náà ni mo lọ. Mo jókòó sórí àga, mo di nọ́ńbà mi mú, mò ń retí kí wọ́n pè mí. Mi ò mọ̀ pé orí ìtàn ni mo jókòó lé.

Ẹ jẹ́ ká ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún, wọ́n fún àwọn Huguenot kan ní ilẹ̀ níbí. Onígbàgbọ́ ará Faransé ni wọ́n, tí wọ́n sá kúrò nílùú wọn nítorí ẹ̀sìn. Àlàyé tí àwọn ará ibí máa ń ṣe jù ni pé àwọn ló fi orúkọ ilẹ̀ Móábù inú Bíbélì pe àdúgbò náà. Gbogbo àwa tí wọ́n fi dandan mú lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi la mọ ará Móábù kan: Rúùtù, opó àjèjì tó ń ṣa ọkà lẹ́yìn àwọn olùkórè. Òfin Mósè kò fẹ́ kí ará Móábù wọ inú ìjọ rárá, títí dé ìran kẹwàá. Síbẹ̀ Rúùtù yìí ló bí bàbá tó bí bàbá Dáfídì ọba. Àdúgbò tí àjèjì sọ lórúkọ àjèjì ni mò ń gbé, ẹ ò rí nǹkan.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ní ìgbà òtútù yẹn, wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ń wá dókítà kan tí yóò wá kọ́ṣẹ́ di ògbóǹtarìgì, ohun tí a ń pè ní residency nílé. Assistenzarzt ni wọ́n ń pè é níbí. Ní Amẹ́ríkà, láti 1952 ni ètò kan ti wà tó ń pa orúkọ àwọn dókítà àti orúkọ àwọn ilé ìwòsàn pọ̀, tí kálukú á kọ ẹni tó wù ú lẹ́sẹẹsẹ, tí ètò náà á sì so wọ́n pọ̀. Nílé, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò primary kí ẹ tó máa wá àyè kiri. Ní Jámánì, kò sí irú ètò bẹ́ẹ̀. Dókítà á kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà ẹ̀ka kan, ọ̀gá á kà á bó bá wù ú, á pè é bó bá wù ú. Bí wọ́n bá pè é, wọ́n sábà máa ń ní kó wá bá wọn ṣe ọjọ́ kan ní wọ́ọ̀dù, kó tẹ̀ lé wọn kiri, kí wọ́n wò ó. Lẹ́yìn náà, ọ̀gá á bi àwọn tó wà ńlẹ̀ pé, "Báwo lẹ ṣe rí i?"

Ẹni méjì ló wá. Àkọ́kọ́, obìnrin kan tó ti bá wa ṣiṣẹ́ nígbà tó ṣì ń kàwé. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n, ó gbé kéèkì wá, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ìkejì, ọkùnrin kan láti Ìbàdàn. Ó ti ṣe gbogbo ìdánwò tí Jámánì ní kó ṣe, ó ti gba ìwé àṣẹ ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní Approbation. Lẹ́tà tó kọ kí ọjọ́ kan ṣoṣo yìí tó bọ́ sí i lọ́wọ́, kò lóǹkà. Bó ṣe rí mi ní ọ̀ọ̀dẹ̀ wọ́ọ̀dù, ojú rẹ̀ tàn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o!" Èmi wá dá a lóhùn pẹ̀lú èdè Jámánì, kíákíá, mo sì ń ti kẹ̀kẹ́ oògùn mi lọ. Ojú tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, bàbá arúgbó kan tó ti ń pariwo láti òwúrọ̀, tó ń fa ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ọn lára, kò jẹ́ ká sinmi. A ti ń sọ pé orí rẹ̀ ló dàrú. Ọkùnrin ará Ìbàdàn yìí dúró tì í, ó kí i, ó béèrè bóyá òun lè fọwọ́ kàn án níkùn. Ó tẹ ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni wọ́n tọ̀ kẹ́yìn?" Àpòòtọ̀ bàbá ló ti kún dẹ́múdẹ́mú, ìtọ̀ kò sì jáde. A fi rọ́bà gba ìtọ̀ náà, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ bàbá ti sùn lọ bí ọmọ ọwọ́. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀ nígbà tó rí i.

Nírọ̀lẹ́, nínú yàrá tí a ti ń jẹun, ọ̀gá béèrè ìbéèrè rẹ̀. Wọ́n ní obìnrin yẹn bá wa mu. Wọ́n ní ọkùnrin yẹn dáa o, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń falẹ̀ díẹ̀, àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ojú gbogbo wọn wá yí sọ́dọ̀ mi, nítorí ibi kan náà la ti wá. Ẹ̀rù bà mí kí wọ́n má sọ pé ọmọ ilẹ̀ mi ni mò ń gbè. Mo ní, "Mi ò fi bẹ́ẹ̀ rí i."

Irọ́ ni. Mo rí i dáadáa.

Obìnrin yẹn ni wọ́n mú. Dókítà tó dáa ni, mi ò bá a jà. Ohun tó ń dùn mí kọ́ ni pé ó gba iṣẹ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé a kò wọn àwọn méjèèjì lórí òṣùwọ̀n kan náà. Ẹ̀rí ti ẹnì kan pé ọdún méjì. Ẹ̀rí ti ẹnì kejì jẹ́ ọjọ́ kan, èmi tí mo sì ní ẹ̀rí ọjọ́ kan yẹn lọ́wọ́, mo gbé e mì.

Lọ́jọ́ yẹn, bí mo ṣe ń lọ sílé, mo gba iwájú Turmstraße 21 kọjá. Mo ti mọ̀ látẹnu àwọn ará àdúgbò pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí àwọn dókítà ibẹ̀ láyé Hitler. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa rẹ̀. Christian Pross àti Rolf Winau ti ṣe ìwé kan jáde lórí ilé ìwòsàn náà ní 1984, àwọn mìíràn náà sì ti kọ̀wé nípa rẹ̀. Ohun tí mo rí nìyí.

Ní 1872, ṣọ̀pọ̀ná ló bẹ́ sílẹ̀ ní Berlin, ìlú wá sáré kọ́ àgọ́ sí Moabit láti kó àwọn tó ní in sí. Ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn ìlú ni, kì í ṣe ti yunifásítì, ìyàtọ̀ yìí sì ṣe pàtàkì. Ní àwọn yunifásítì Jámánì ayé ìgbà yẹn, ó ṣòro gan-an kí Júù tó di ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà, àfi bó bá gba ìrìbọmi, nígbà mìíràn ìrìbọmi gan-an kò tó. Kò sí òfin tó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó jókòó sídìí tábìlì ló ń sọ pé ẹni yìí kò bá wa mu. Ilé ìwòsàn ìlú bíi Moabit wá ń ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ níbòmíràn. Ẹ wo irú èèyàn tí wọ́n rí kó jọ.

Moritz Borchardt ni ọ̀gá iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí ìjọba Rọ́ṣíà ń wá ẹni tí yóò yọ ọta ìbọn kúrò lára Lenin ní 1922, òun ni wọ́n ránṣẹ́ pè lọ sí Moscow. Georg Klemperer ni ọ̀gá ìtọ́jú àìsàn inú. Kurt Goldstein, tó ti tọ́jú àwọn sójà tí ọta bà lọ́pọlọ nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, wá dá ẹ̀ka ìtọ́jú iṣan àti ọpọlọ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1930.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni Lydia Rabinowitsch-Kempner. Ìlú Kaunas ni wọ́n bí i sí ní 1871, lábẹ́ ìjọba Rọ́ṣíà. Yunifásítì Rọ́ṣíà kì í gba obìnrin, ló bá gba Switzerland lọ kàwé. Ó dé Berlin ní 1894, ó bá Robert Koch ṣiṣẹ́, ẹni tó rí kòkòrò ikọ́ ife. Obìnrin yìí ṣèwádìí, ó fi hàn pé kòkòrò ikọ́ ife lè wà nínú wàrà tí àwọn èèyàn ń rà mu nílùú. Ẹ ro iye ọmọ tí ìmọ̀ yẹn gbà là. Ní 1912 wọ́n fún un ní oyè ọ̀jọ̀gbọ́n. Obìnrin kejì ni ní gbogbo ilẹ̀ Prussia. Ṣùgbọ́n oyè lásán ni, kò sí àga yunifásítì tó bá a wá. Moabit ló fún un ní iṣẹ́ gidi: ní 1920 ó di olórí ibi tí wọ́n ti ń yẹ kòkòrò àrùn wò. Obìnrin, Júù, ọmọ ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló jẹ́ àjèjì, ilẹ̀kùn kan sì ṣí fún un.

Nígbà tí ọdún 1933 fi máa dé, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta dókítà ilé ìwòsàn Moabit ló jẹ́ Júù. Nítorí náà, nígbà tí Hitler gorí àlééfà, ibẹ̀ wà lára ibi tí ọwọ́ wọn kọ́kọ́ dé. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin, ọdún 1933, àwọn jàǹdùkú ẹgbẹ́ Hitler wọ inú ilé ìwòsàn. Wọ́n mú Goldstein lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n wọn ní General-Pape-Straße, wọ́n fìyà jẹ ẹ́. Kí wọ́n tó fi í sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gbà pé òun yóò fi ilẹ̀ Jámánì sílẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù yẹn ni òfin wá jáde pé kí wọ́n yọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí kì í ṣe ará ìran tiwọn. Ẹ kíyè sí i: wọ́n ti ń lé wọn kí òfin tó dé. Òfin kàn wá fọwọ́ sí i ni.

Borchardt parí ayé rẹ̀ sí Ajẹntínà. Klemperer àti Goldstein dé Amẹ́ríkà. Wọ́n lé Rabinowitsch-Kempner kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 1934, ó sì kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọmọ rẹ̀ Robert, tó jẹ́ agbẹjọ́rò, sá lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì padà wá lẹ́yìn ogun gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn tó ṣe ẹjọ́ lòdì sí àwọn Nazi ní Nuremberg.

Ibi tí mo ti dúró, tí mo fi ìwé sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nìyí: Berlin ni wọ́n bí Borchardt sí. Ta wá ni àjèjì? Ọmọ ìlú ni. Àwọn mìíràn nínú wọn ti jagun fún Jámánì. Wọn ò rí àjèjì lé jáde. Wọ́n kọ́kọ́ sọ ọmọ ilé di àjèjì ná, kí wọ́n tó lè lé e. Àjèjì kì í ṣe ibi tí èèyàn ti wá nìkan. Orúkọ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lára ni, lọ́jọ́ tí àyè bá kéré tàbí tí ẹnì kan bá fẹ́ gba ipò rẹ̀.

Àwọn tó sì rọ́pò wọn ńkọ́? Ẹgbẹ́ ló ń yan púpọ̀ nínú wọn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn kọ́. Àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà náà sọ ọ́ lẹ́yìn ogun pé iṣẹ́ abẹ bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fi jọ̀gá, aláìsàn ló sì jẹ̀yà rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, ibi tí ọkàn mi ń lọ nìyẹn. Bí wọ́n bá yan dókítà nítorí ohun mìíràn tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ló máa san gbèsè náà.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi òyìnbó ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀ nìkan, tàbí ká rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Ẹ jẹ́ ká yà sí Èkó, nítorí ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ ọmọ ilé di àjèjì, nílé bàbá rẹ̀.

Ní 1855, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti Sàró pé kí wọ́n lọ kọ́ ìṣègùn ní London, kí wọ́n lè wá tọ́jú àwọn sójà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. William Broughton Davies, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, wà nínú wọn. James Africanus Horton, ọmọ Ígbò, náà wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì yege, wọ́n di dókítà nínú iṣẹ́ ológun. Ilẹ̀kùn ṣí. Àmọ́ kò pẹ́ tí àwọn dókítà òyìnbó tó wà ńlẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, ìjọba sì pa ètò náà tì.

Ìran tó tẹ̀ lé wọn fi owó ara wọn kàwé. John Randle kàwé ní Edinburgh, ó wá ṣiṣẹ́ ìjọba ní Èkó, aáwọ̀ dé lórí owó oṣù àti ipò, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ dá tirẹ̀ ṣe. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára John Randle Centre ní Oníkan lónìí. Oguntola Sapara, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, dúró sí iṣẹ́ ìjọba ní tirẹ̀. Ẹ rántí pé ṣọ̀pọ̀ná ló bí ilé ìwòsàn Moabit. Ṣọ̀pọ̀ná náà ni Sapara gbógun tì. Ó fura pé ọwọ́ àwọn kan nínú ẹgbẹ́ olórìṣà Ṣọ̀pọ̀ná wà nínú bí àìsàn náà ṣe ń ràn, ló bá wọ inú ẹgbẹ́ wọn ní kọ̀rọ̀ láti mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Dókítà òyìnbó wo ló lè ṣe ìyẹn? Ó gbọ́ èdè, ó mọ ilé, ó mọ ọ̀nà.

Síbẹ̀, ní 1902, nígbà tí wọ́n pa iṣẹ́ ìṣègùn gbogbo ilẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ di ọ̀kan, tí wọ́n ń pè é ní West African Medical Service, wọ́n kọ ọ́ sínú ìlànà pé ẹni tí ìran rẹ̀ bá jẹ́ ti Yúróòpù nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Wọ́n to àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú sí ìwé mìíràn lọ́tọ̀, owó wọn kéré, ìgbéga wọn kò tó nǹkan. Ọmọkùnrin òyìnbó tó dé lánàá wà lókè dókítà dúdú tó ti fi ogún ọdún ṣiṣẹ́. Àwọn ará Èkó kọ̀wé ẹ̀sùn, ìwé ìròyìn pariwo. Ní 1909 ìgbìmọ̀ kan jókòó lórí rẹ̀, wọn ò yí i padà. Lára àwáwí wọn ni pé òyìnbó kò ní fẹ́ gba àṣẹ lẹ́nu dúdú. Ìyẹn ni pé, kì í ṣe pé Sapara kò mọ iṣẹ́. Kò bá wọn mu ni.

Ṣé ẹ rí i pé gbólóhùn kan náà ló ń padà wá?

Kódà nígbà tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Yaba ní 1930, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ kò lágbára kọjá Nàìjíríà, igbákejì ni wọ́n sì fi àwọn tó jáde níbẹ̀ ṣe. Ìgbà tí yunifásítì dé Ìbàdàn ní 1948 ni nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Jámánì, nítorí ẹnì kan lè sọ pé láyé àtijọ́ nìyẹn. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, ọdún 1938, ìjọba Hitler fagi lé Approbation gbogbo dókítà tó jẹ́ Júù. Lẹ́yìn ogun, ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun. Ṣùgbọ́n òfin àwọn dókítà tí wọ́n ṣe ní 1961 ṣì so Approbation mọ́ ọmọ ìlú: bí ẹ kì í bá ṣe ará Jámánì, nígbà tó yá, bí ẹ kì í bá ṣe ará ilẹ̀ Yúróòpù tó wà nínú ẹgbẹ́ wọn, ẹ kò ní ẹ̀tọ́ sí i, àfi kí wọ́n fi ojú àánú wò yín. Ìwé àṣẹ onígbà díẹ̀ ni wọ́n máa fún yín. Kódà kí ẹ kàwé níbí láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ ìkẹyìn. Ọjọ́ tí òfin tuntun wá gé okùn yẹn, tó ní kí wọ́n máa wo ẹ̀kọ́ èèyàn dípò ìwé ìrìnnà rẹ̀, ni 1 oṣù kẹrin, ọdún 2012. Ọjọ́ kan náà nínú ọdún tí wọ́n mú Goldstein, ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin lẹ́yìn náà. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni fi ìyẹn sọ́kàn, àmọ́ èmi rí i.

Mi ò fi wọ́n wé ara o. Òfin ti ayé Hitler parí sí ikú ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Èyí tó wà títí di 2012, ìyà ìwé àti ìyà ìdúró ni. Ọkùnrin ará Ìbàdàn tí wọn ò mú, kò sẹ́ni tó lù ú. Ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀ ń fi òkú ṣeré. Ohun tí mò ń sọ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: òfin dáa báyìí, àmọ́ òfin kì í jókòó nínú yàrá tí a ti ń jẹun. Ní ayé Borchardt, kò sí òfin tó sọ pé kí yunifásítì má fi Júù jọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é, àti ìdákẹ́jẹ́.

Wọ́n á ní, àbí kí ilé ìwòsàn má mú ẹni tí wọ́n mọ̀ ni? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Mímọ èèyàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀mí èèyàn ló wà lọ́wọ́ wa, ẹni tí a ti rí lóru, tí a rí nígbà tó rẹ̀ ẹ́, a mọ bí yóò ṣe ṣe. Ọ̀rọ̀ èdè náà, òótọ́ ni. Aláìsàn tí àyà ń dùn kò ráyè kí dókítà máa wá ọ̀rọ̀. Nítorí náà ni mi ò ṣe bá ìdánwò èdè jà. Bó ṣe Berlin, bó ṣe Hamburg, bí kan náà ni: ogún ìṣẹ́jú láti bá aláìsàn sọ̀rọ̀, ogún láti kọ ọ́ sílẹ̀, ogún láti ṣàlàyé fún dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ. Ó le, àmọ́ gbogbo ẹni tó bá wá láti òkèèrè mọ ohun tí wọ́n máa béèrè. Èyí tí mò ń bá jà ni ìdánwò tí kò ní ìbéèrè: "ó bá wa mu." Kò sí bí ẹ ṣe lè kàwé fún un, kò sí bí ẹ ṣe lè yege nínú rẹ̀, àfi tí ẹ bá ti wà nílé tẹ́lẹ̀.

Ẹnì kan ṣì kù nínú ìtàn Moabit tí mo gbọ́dọ̀ dárúkọ. Georg Groscurth, dókítà tí kì í ṣe Júù, ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti lé àwọn tó kù. Ó wà nínú ilé, kò sẹ́ni tó pè é ní àjèjì. Ó lo àyè yẹn láti ran àwọn tí wọ́n ń dọdẹ lọ́wọ́, ó sì ń kọ ìwé àìsàn fún àwọn ọkùnrin kí wọ́n má bàa gbé wọn lọ sójú ogun. Òun àti Robert Havemann àtàwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ọwọ́ tẹ̀ wọ́n, wọ́n sì pa Groscurth ní ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún, ọdún 1944. Ohun tí ẹni tó wà nílé lè ṣe pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ nìyẹn, nígbà tí orí ni wọ́n fi ń san owó rẹ̀. Èmi, kí ni mo bá san? Bóyá kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wò mí lójú kan ṣá. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́ tán, tẹlòmíràn ló bá mi dákẹ́.

Mo wá nọ́ńbà ọkùnrin yẹn. Hamburg ló ti rí iṣẹ́ nígbẹ̀yìn, ó ti ń bá a lọ níbẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí fóònù: àpòòtọ̀ bàbá, ìbéèrè ọ̀gá, irọ́ mi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo fura. Ẹ má bínú síra yín jù. Nílé, èmi ni ọmọ ilé nígbà kan. Àyè kan ló wà, a pọ̀ tó ń dù ú. Ẹnì kan wá láti Máídúgúrì, èsì ìdánwò rẹ̀ dáa ju tèmi lọ. Èmi ni wọ́n mú. Wọ́n ní àwọn mọ̀ mí. Mo kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni."

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo bi í pé, "Ẹ̀yin wá ńkọ́, kí lẹ rò nípa ẹni yẹn báyìí?"

Ó ní, "Ojoojúmọ́ ni mò ń rò ó láti ìgbà tí mo ti dé Jámánì."

Nígbà tí a tún ń wá dókítà lọ́dún yìí, mo lọ bá ọ̀gá kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo ní kí a kọ ohun tí a fẹ́ wò sílẹ̀ ṣáájú, ìbéèrè mẹ́rin péré: báwo ló ṣe bá aláìsàn sọ̀rọ̀, kí ló rí tí àwa kò rí, ṣé ó béèrè nígbà tí kò mọ̀, báwo ló ṣe kọ nǹkan sílẹ̀. Kí gbogbo wa kọ ìdáhùn lórí ìwé fún ẹni kọ̀ọ̀kan, kí a tó sọ̀rọ̀. Ọ̀gá wò mí, ó ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹni mẹ́ta wá, méjì nínú wọn láti òkèèrè. Mo kọ ohun tí mo rí nípa ẹni kọ̀ọ̀kan, rere àti búburú, mo sì fọwọ́ sí i.

Ọmọ ilé ni wọ́n mú. Mo ka àwọn ìwé náà láti òkè délẹ̀, ó tọ́ sí i.

Ọ̀gá kọ̀wé sí àwọn méjì tó kù, ó sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn fèsì. Ó ní nínú gbogbo lẹ́tà tí òun ti kọ ní Jámánì, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni á sọ ìdí fún òun. Ó dúpẹ́, ó sì béèrè bóyá òun lè tún wá ní ọdún tó ń bọ̀.